Kí Ni Ọmọdé Ń Wá Létí Òkun?

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

Ẹ̀rù ń bà mí. Kí n tó kí ọ, kí n tó béèrè àlàáfíà ẹnikẹ́ni, jẹ́ kí n sọ èyí kúrò lọ́kàn ná. O ní o ń kó àwọn ọmọ méjèèjì lọ sétí òkun fún ìsinmi. Ìwọ nìkan. Láìsí ìyá wọn. Ọkùnrin kan, ọmọ méjì, àti omi tí ojú kò rí òdìkejì rẹ̀!

Ó dáa, mo kí ọ. Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé iṣẹ́ kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Ìyàwó mi ńkọ́, níbi tó ti lọ kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí? Sọ fún un pé kó má wo ẹ̀yìn. Ọdún kan kì í ṣe títí ayé.

Inú ìwé ni mo ti mọ òkun, ìwọ náà mọ̀. Olùkọ́ jọ́gíráfì wa nílé ẹ̀kọ́ girama yà á sójú pátákó, ó fi ṣọ́ọ̀kì búlúù kùn ún, ó ní kò sẹ́ni tó tíì mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ tán. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé èmi àti òkun kò ní nǹkan kan í jọ ṣe. Àwọn àgbà náà sọ ọ́: òkun ń hó yeè, ọmọ burúkú ní ń forí lé e. Àwọn ọmọ ọmọ tèmi kì í ṣe ọmọ burúkú. Lọ́yà lè máa bá gbogbo ayé jiyàn, a kúkú mọ ìdí tí a fi ń pè é ní Lọ́yà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bá ìgbì omi ro ẹjọ́. Àbúrò rẹ̀ ńkọ́? Nítorí bó ṣe ń rìn la ṣe sọ ọ́ ní Pẹ́pẹ́yẹ, kì í ṣe pé ó mọ omi í wẹ̀.

Ká ní tèmi ni, ò bá ti kó wọn wá bá mi tààrà. Ṣebí a ti jọ fẹnu kò. Tí ìsinmi bá parí, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n á máa gbé, ibí ni wọ́n á ti máa lọ sílé ìwé títí ìyá wọn á fi parí ẹ̀kọ́. Mo ti kun yàrá ẹ̀yìn, èyí tí mo ń kó aṣọ àwọn oníbàárà sí. Mo ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kejì kúrò níbẹ̀, ẹ̀yìn mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá. Káfíńtà ń bá mi kan bẹ́ẹ̀dì tí ọ̀kan máa wà lórí èkejì. Mi ò bú ọ o, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń to búlọ́ọ̀kù láti òwúrọ̀ dalẹ́, báwo ló ṣe fẹ́ di irun ọmọbìnrin kó dọ́gba?

Jọ̀ọ́, jókòó tì wọ́n. Má jẹ́ kí omi kọjá ọrùn ẹsẹ̀ wọn. Kí tiẹ̀ ni ọmọdé ń wá létí òkun? Tí wọ́n bá ti wò ó tán, kí ló kù níbẹ̀?

Má pè mí lórí fóònù láti fi dáhùn. Tó o bá pè, ìwọ á ní kò séwu, èmi á ní a dúpẹ́, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè rí i kà lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi Màámi rẹ.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹjọ

Màámi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ẹ sì kú àníyàn wa. Kò séwu. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe ní kí n kọ ọ́: kò séwu kankan.

Yàrá kan la gbà lókè ilé oníbúrẹ́dì, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí omi. Bí mo ṣe ń gbá a ni iyanrìn ń pọ̀ sí i. Iyanrìn wà nínú bàtà, ó wà nínú bẹ́ẹ̀dì, ó wà nínú etí Pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ bi mí pé kí ni ọmọdé ń wá létí òkun. Màámi, ẹ bá mi bi wọ́n pé kí ni wọn kì í wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ lè fi mí ṣẹ̀sín. Àwọn bàbá yòókù ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì ọmọdé yọ iyanrìn, wọ́n ń dà á dé bí ẹni yọ kéèkì, wọ́n ní àwọn kọ́lé. Èmi wò ó, iṣẹ́ mi sì gbé mi. Mo ní kí àwọn ọmọ mi dúró ná, ilé tí kò ní ìpìlẹ̀ kì í ṣe ilé. Mo tú okùn bàtà wọn, mo fi fa ìlà. Mo mú ṣọ́bìrì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìpìlẹ̀. Mo gbẹ́ ẹ, mo gbẹ́ ẹ, ara mi yá gágá, mi ò mọ̀ pé kòtò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Pẹ́pẹ́yẹ mì.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ fèrè lórí mi. Ẹ̀ṣọ́ etíkun ni, obìnrin kan tó ga bí òpó iná, òun ló ń ṣọ́ àwọn tó ń wẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé petẹ́ẹ̀sì lẹ fẹ́ kọ́ síbí ni?"

Mo ní, "Rárá o, ìpìlẹ̀ lásán ni."

Ó ní, "Ìpìlẹ̀ tí iyanrìn máa ya bo ọmọ yín mọ́lẹ̀ nínú ẹ̀. Kòtò kì í kọjá orúnkún ọmọdé níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dí i."

Ojú tì mí, Màámi. Èmi tí mo máa ń pariwo lé àwọn lébìrà lórí pé kí wọ́n má dúró sínú kòtò tí a kò fi pákó tì! Bí mo ṣe ń dí i ni Lọ́yà fọwọ́ sí ìbàdí. "Dádì, ṣé ẹ ò gbàṣẹ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni?" Gbogbo ẹni tó jókòó nítòsí rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìyẹn ni eré wá dùn. A kọ́ ilé wa láìgbẹ́lẹ̀. Mo fi hàn wọ́n pé iyanrìn gbígbẹ kì í dúró, èyí tó mumi yó máa ń ṣàn, èyí tí èèyàn fún lọ́wọ́ tó sì dì ni tiwa. Àwọn ọmọ tí a kò mọ̀ rí ń wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ṣé iṣẹ́ wà. Lọ́yà sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá. Ó ní kí àwọn kan máa pọnmi, kí àwọn kan máa pò ó, kí àwọn tó kéré máa ṣa ìkarahun tí a ó fi ṣe fèrèsé. Nígbà tó yá, ìgbì dé, ó gbé ògiri iwájú lọ. Pẹ́pẹ́yẹ fẹ́ sunkún. Mo ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Kí n tó sọ ọ́ tán, ó ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ti omi: a máa ń di ara wa lọ́wọ́ mú, a ó dúró sétí ibẹ̀, tí ìgbì bá ń bọ̀ a ó fò. Ẹni tí ìfófòó bá kàn lẹ́sẹ̀ á ké bí ewúrẹ́. Èmi ni mo ti ké jù. A kì í kọjá ibi tó dé orúnkún wọn.

Káìtì tí mo rà fún wọn kò fẹ́ gbọ́ràn. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Bó bá gòkè díẹ̀, á ta kìtì, á forí sọlẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ ìwà aṣọ, kí ni mo lè ṣe sí i? Mo fi àwòrán kan sínú ìwé yìí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

Ta ló ń sin ọmọ mi láàyè? Mo ya àpò ìwé, àwòrán bọ́ sílẹ̀, orí rẹ nìkan ni mo rí lórí iyanrìn! Ojú rẹ dì. Pẹ́pẹ́yẹ jókòó síbi tó yẹ kí ikùn rẹ wà, ó ń jẹ bísíkíìtì. Mo figbe ta. Ayàwòrán tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi sáré wọlé, ó rò pé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ló gún mi. Ó gba àwòrán, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Ó ní, "Ìyá, ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Eyín ìsàlẹ̀ wà níta, tòkè wà níta. Irú òkú wo ló ń rẹ́rìn-ín báyìí?" Nígbà yẹn ni mo wá jókòó. Lọ́jọ́ mìíràn, kọ ọ́ sẹ́yìn àwòrán pé eré ni.

Ẹ kú ìgbádùn. Ara mi le, ìrora ẹsẹ̀ mi ti lọ sílẹ̀.

Mo ka lẹ́tà rẹ sókè ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò fẹ́ kà á sókè tẹ́lẹ̀, àwọn oníbàárà ló rí mi tí mo ń dá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ibi tí obìnrin fèrè ti bá ọ wí, ẹnì kan ní àfi kí n tún ibẹ̀ kà. Ọ̀gá ilé ìwé kan jókòó, ó ń dúró kí n pààrọ̀ síìpù ẹ̀wù rẹ̀. Obìnrin yìí kì í yin ẹnikẹ́ni, kódà kò tíì yin ìránṣọ mi rí. Ó ní, "Bàbá tó lè kó ọmọ tí kò mọ̀ rí jọ, tó fún olúkúlùkù níṣẹ́ láìsí ìjà, ẹ jẹ́ kó wá gba kíláàsì kan lọ́wọ́ mi." Orí mi wú bí ẹni pé èmi ni mo to iyanrìn. Mi ò jẹ́ kó mọ̀ o. Mo ní, "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," mo sì tẹjú mọ́ síìpù.

Bó o ṣe dí kòtò náà láìbá obìnrin yẹn jiyàn, ìyẹn náà dùn mọ́ mi nínú. Ọ̀pọ̀ bàbá ni ì bá fa ìjà lójú ọmọ.

Ní ti káìtì, kò ní ìrù ni. Ohun tó bá fúyẹ́ tí nǹkan kan kò fà á nísàlẹ̀, gìràgìrà ló máa ń ṣe. Mo gé aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń bo inú ẹ̀wù sínú ìwé yìí, pupa, yẹ́lò àti búlúù. So wọ́n pọ̀ kó gùn dáadáa, kó o sì máa ta kókó sí i bí ẹni di ríbọ́nù. Má fi aṣọ tó nípọn kún un, kò ní gbéra. Jẹ́ kí Lọ́yà ta kókó náà fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ jọ ọwọ́ mi.

Káfíńtà ti gbé bẹ́ẹ̀dì dé. Mo ti tẹ́ aṣọ sí i, mo sì ti bá ilé ìwé sọ̀rọ̀, wọ́n ń retí wọn. Ṣùgbọ́n o ò sọ bóyá o ti sọ fún àwọn ọmọ pé ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀. Àbí o ò tíì sọ? Má jẹ́ kó di ọjọ́ tí wọ́n máa wọ ọkọ̀. Sọ ọ́ fún wọn níbẹ̀, nígbà tí inú wọn ń dùn, kó lè rọrùn fún wọn.

Màámi rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni? Mo kà á sí ẹ̀rù lásán, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà kò lọ. Lẹ́tà rẹ kò dé. Olùpín-lẹ́tà tiẹ̀ ti ń juwọ́ sí mi láti òkèèrè: "Ìyá, kò sí tiyín o!" Ó ń ṣe bí ẹni pé lẹ́tà ni mo ń jẹ lóúnjẹ.

Mo pè ọ́, o ò gbé e. Mo pe ìyàwó rẹ. Ó ní ẹ wà, ẹ ń jẹ, ẹ ń mu, ó ní o kàn dákẹ́ díẹ̀ ni. Kí ló ń jẹ́ "dákẹ́ díẹ̀"? Mi ò bí ọmọ tó ń dákẹ́ díẹ̀. Ṣé torí mo ní o ò mọ irun í dì ni? Tó bá jẹ́ ìyẹn ni, mo gbé e kúrò ńlẹ̀. Àbí ọmọ kan ló farapa tí ìwọ àti ìyàwó rẹ jọ ń fi pa mọ́ fún mi?

Ìgbà tí mo ka ti ilé iyanrìn, mo rò pé mo ti rí yín. Nísinsìnyí, mo tún padà sídìí òkun tí olùkọ́ yẹn fi ṣọ́ọ̀kì kùn. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, má fi bò fún mi. Sọ ọ́ bó ṣe rí.

Màámi.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹjọ

Màámi,

Ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ló wúwo. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo ti fà á ya.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti káìtì síwájú, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ yín ni. Lọ́yà ta gbogbo kókó náà fúnra rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ṣe gbé e, ó gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, ó dúró ṣinṣin, ìrù rẹ̀ ń jó lẹ́yìn rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ ń pariwo fún gbogbo ẹni tó ń kọjá, "Ìyá Àgbà mi ló ran ìrù yẹn! Télọ̀ ni!" Àwọn bàbá méjì wá bi mí bóyá ẹ lè ran tiwọn.

Lọ́jọ́ náà, nítorí pé inú wọn dùn, mo tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yín. Mo ní, "Ẹ ó lọ bá Ìyá Àgbà gbé títí Mọ́mì fi máa parí ẹ̀kọ́." Lọ́yà yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Ó rọra bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn káìtì títí ó fi bọ́ sílẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ wò mí. Ó ní, "Dádì, tí mi ò bá da iyanrìn sẹ́nikẹ́ni lórí mọ́, ṣé mo lè dúró?"

Màámi, mo kàn gbé e lé èjìká, a sì ń lọ sílé ni.

Láti ìgbà náà ni Lọ́yà kò ti jiyàn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Tí mo bá ní kó wá jẹun, á wá. Tí mo bá ní kó wọ bàtà, á wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá nìyẹn.

Kí n lè dá a lára yá, mo kó wọn lọ síbi àpáta. Tí omi òkun bá fà sẹ́yìn níbẹ̀, ó máa ń fi àwọn adágún kéékèèké sílẹ̀, ẹja wẹ́wẹ́ àti akàn á sì wà nínú wọn. Ẹ̀ṣọ́ etíkun ọjọ́sí ló ń kó àwọn ọmọ yí ká. Ó kọ́ wọn bí a ṣe ń rọra ṣí òkúta, bí a ṣe ń mú akàn lẹ́yìn kó má bàa fúnni lọ́wọ́, bí a ṣe ń gbé e sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì olómi wò ó. Pẹ́pẹ́yẹ mú ọ̀kan, ó sọ ọ́ ní "Ọ̀gá Bàbá Mi" nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń rìn, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, obìnrin náà ní, "Olúkúlùkù, ẹ dá akàn yín padà sábẹ́ òkúta tí ẹ ti mú un. Ẹ má gbé e síbòmíràn o. Ibẹ̀ ló mọ̀."

Wọ́n dá wọn padà. Lọ́yà bá yíjú sí mi, ojú rẹ̀ gbẹ táútáú. Ó ní, "Dádì, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ?"

Mo ní mo gbọ́.

Ó ní, "Akàn o. Ṣé èmi ò tó akàn ni?"

Gbogbo ohun tó ti ń kó jọ látọjọ́ yìí nìyẹn. Mo jókòó sórí àpáta. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ yìí, Màámi. Mi ò mọ̀ pé mo lè mọ̀ wọ́n tó báyìí. Tí Mọ́mì wọn bá wà nílé, èmi ni mo kàn máa ń wọlé, kí n jẹun, kí n sùn. Ní báyìí, mo mọ ìgbà tí ebi ń pa Pẹ́pẹ́yẹ kó tó sọ ọ́. Mo ti mọ irun í dì pàápàá. Apá òsì máa ń ga ju apá ọ̀tún lọ díẹ̀, àmọ́ Lọ́yà ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá padà, iṣẹ́ wa máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ilé ìwé tó ṣílẹ̀kùn. Ta ni yóò mú wọn dé ibẹ̀? Ọ̀gá wa kì í gba àwáwí. Ẹ̀yin sì ti kun yàrá, ẹ ti kan bẹ́ẹ̀dì, ẹ ti ń fojú sọ́nà. Ojú wo ni mo fẹ́ fi sọ fún yín pé wọn ò fẹ́ wá? Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí n ṣe. Ohun tí ẹ bá sọ ni mo máa ṣe.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

Ẹ̀rù tó ń bà mí báyìí ni pé kó o ti ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ìwé yìí tó dé. Má rà á. Tó o bá ti rà á, dá a padà.

Mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ. Mo ti ka lẹ́tà rẹ, mo tún un kà. Nígbà tí mo dé ibi akàn, mo rẹ́rìn-ín títí tí ayàwòrán fi yọjú, kó tó yọjú tán mo ti ń sunkún. Ó ní, "Ìyá, èwo lẹ wá ń ṣe gan-an?" Mo ka ibẹ̀ fún un. Òun náà jókòó tì mí. Ó ní, "Ọmọ yẹn ti ro ẹjọ́ tán."

Òótọ́ ló sọ. Sọ fún Lọ́yà pé ó jàre. Mi ò ní pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Sọ fún Pẹ́pẹ́yẹ pé kì í ṣe nítorí iyanrìn, kò sẹ́ni tó ń lé ọmọ kúrò nílé nítorí iyanrìn. Jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ lónìí, má jẹ́ kó di ọ̀la. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó wọ ọmọ lára.

Má ronú nípa yàrá. Yàrá kì í bínú. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo ti ń fọkàn gbọ́ ariwo wọn nínú ilé yìí. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi ní kí wọ́n wá ni pé mo rò pé wọn ò ní rí ẹni tọ́jú wọn dáadáa. Ta ló tún fẹ́ tọ́jú wọn ju ẹni tó ń ké bí ewúrẹ́ létí òkun lójú gbogbo ayé kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín? Mo ti rí bàbá tó ń bọ́ ọmọ, mo ti rí èyí tó ń sanwó ilé ìwé, wọ́n sì ṣe dáadáa. Èyí tó jókòó sórí àpáta nítorí pé ọmọ rẹ̀ bi í ní ìbéèrè, mi ò rí i rí kí n tó rí i nínú lẹ́tà rẹ. Mo ń fi ọ́ yangàn, kí n má fi pa mọ́. Gbogbo òpópónà wa ló ti gbọ́.

Kí wọ́n wá kí mi nígbà ìsinmi tó ń bọ̀, kí wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ń padà.

Ó wá ku ọ̀gá rẹ. O ní kì í gba àwáwí. Ṣé o ti bi í? Mo wá a nínú lẹ́tà rẹ, mi ò rí ibi tó o ti bi í. Ìwọ tó o lè bi ìyá rẹ nípa ìrù káìtì, o ò wá lè bi ọkùnrin kan pé kó jẹ́ kó o mú ọmọ dé ilé ìwé kó o tó wá sẹ́nu iṣẹ́? Má tọrọ gáfárà. Má fi orí rẹ wọ́lẹ̀. Sọ fún un pé o ó máa pẹ́ dé díẹ̀, o ó sì máa ṣe é padà nígbà tí àwọn yòókù bá ń sinmi ọ̀sán. Ṣebí ìwọ ló ń gbé igun ògiri fún wọn, èyí tí wọn kì í fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dá. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ kò ní fẹ́ kí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá sì kọ̀, n ó ti ṣọ́ọ̀bù, n ó fún ayàwòrán ní kọ́kọ́rọ́, n ó wá máa mú wọn lọ sílé ìwé fúnra mi. Mo ti sọ ọ́ náà nìyẹn, kó tó di pé ẹ̀rù tún bà mí.

Ṣùgbọ́n bi í ná. Ọjọ́ tó o bá bi í ni kó o kọ̀wé sí mi, bó gbà, bó kọ̀. Má dúró kọ́rọ̀ tó dùn kó o tó mú kálámù, má sì tún dákẹ́ díẹ̀ mọ́ fún mi. Jẹ́ kí Lọ́yà kọ ìlà kan sí i lọ́wọ́ ara rẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá ó ti padà sídìí iyàn jíjà. Ẹ tètè kọ ọ́, ọmọ mi. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni mo jókòó sí.

Màámi rẹ.